Ojú Lékeléke Ìlú

Ní ìlú wa, kò síbi téèyàn yíjú sí tí kò ní rí lékeléke. Ó wà lára ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, ó wà lára ògiri ilé ìwé, ó wà lórí irin tí wọ́n fi dé kòtò lójú títì. Ẹyẹ funfun náà dúró lórí afárá, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó ká ìkejì sókè, ó sì fi ẹnu mú kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó tẹ ìlú dó ló mú un ṣe àmì. Ohun tí wọ́n rí lára ẹyẹ tó kàn ń dúró sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, èmi ò mọ̀. Bí èèyàn bá bi àwọn àgbà, kálukú á sọ tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì la ní, Ẹgbẹ́ Òkè àti Ẹgbẹ́ Odò. Òkè ń wọ pupa, Odò ń wọ búlúù. Wọn ò fẹ́ ara wọn rí rárá. Bí ọmọ ará Òkè bá fẹ́ ọmọ ará Odò, láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n á ti máa jiyàn lórí ẹgbẹ́ tí ọmọ tí wọn ò tíì bí máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Síbẹ̀, ẹyẹ kan náà ló wà láyà àwọn méjèèjì. Inú Òkè ò dùn pé Odò ní in, inú Odò ò dùn pé Òkè ní in, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì, torí ẹyẹ ìlú ni.

Èmi ni mò ń rán ẹyẹ náà sára jẹ́sì fún Òkè. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló ń rán an fún Odò.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ ń rán an fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Yàrá iwájú ló máa ń jókòó sí, máṣìnì rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, jẹ́sì pupa wà lápá kan, búlúù wà lápá kejì. Kì í jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, kí àwọ̀ ọ̀kan má bàa ràn sára èkejì. Èmi ló kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ le sínú òrùka onígi nígbà tí àbúrò mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Àfi bí oníbàárà kan ṣe wọlé lọ́jọ́ kan, tó mú iṣẹ́ àbúrò mi sókè, tó ní ta ló rán èyí. Ìyá wa ò tiẹ̀ gbójú sókè kó tó dáhùn.

"Ọmọ mi kékeré ni. Ọwọ́ ẹ̀, ṣẹ́dà ni."

Ó tán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àbúrò mi ní Ọlọ́wọ́ Ṣẹ́dà. Ó ti ní ọmọ ọmọ báyìí, Ọlọ́wọ́ Ṣẹ́dà náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Èmi ńkọ́? Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́yẹ. Mo ní kí wọ́n dákun, mo ṣì fẹ́ kí àwọn ọmọdé àdúgbò máa wọlé mi. Ni wọ́n bá ń pè mí ní Ìyá Aránṣọ, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo aránṣọ tó wà láyé.

Nígbà tí ìyá wa kò sí mọ́, a pín iṣẹ́. Ará Òkè ni ọkọ mi, mo mú Òkè. Ará Odò ni ọkọ tirẹ̀, ó mú Odò. Afárá wa bára mu, ẹsẹ̀ ẹyẹ bára mu, kọ́kọ́rọ́ bára mu. Ojú nìkan ni wọ́n fi ń mọ ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Èmi máa ń wé òwú dúdú mọ́ abẹ́rẹ́ léraléra kí n tó fà á wọlé, títí ojú náà á fi le, tó máa yọ síta bíi kóró èso. Àbúrò mi kì í fi òwú kankan síbẹ̀. Ó máa ń fi àlàfo róbótó kan sílẹ̀ láàárín òwú funfun, aṣọ fúnra rẹ̀ ló máa di ojú. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Àwọn Odò máa ń ní ojú ẹyẹ Òkè wú bíi ti ẹni tí wọ́n gbá ní ẹ̀ṣẹ́. Àwọn Òkè á ní ti Odò ò tiẹ̀ lójú rárá, ihò ló ní, abájọ tí aṣọ́lé wọn kì í fi í rí bọ́ọ̀lù.

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí mo bá pàdé ará Odò tó wọ jẹ́sì lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọkọ mi ti bá mi wí lórí ẹ̀, ó ní kò yẹ kí ìyá ọlọ́mọ máa tẹjú mọ́ àyà àwọn gìrìpá ọkùnrin báyẹn. Kò mọ̀ pé ojú ẹyẹ ni mò ń wá. Ojú yẹn máa ń wò mí padà. Tèmi kì í wo ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà níbẹ̀, ó dúdú, ó le.

Bó ṣe wà nìyẹn títí ìlú fi kọ́ pápá ìṣeré tuntun, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n jọ máa lò ó. Akọ̀wé ìlú ránṣẹ́ pe èmi àti àbúrò mi sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, orí irun rẹ̀ ni awò ojú rẹ̀ máa ń wà, kì í fi í sójú àfi tí ọ̀rọ̀ bá le.

"Àsíá kan ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà pápá," ó ní. "Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, kì í ṣe pupa, kì í ṣe búlúù. Ẹyẹ ìlú ló máa wà lára ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ rán tiyín, a máa mú ọ̀kan. Èyí tá a bá mú ni ẹgbẹ́ méjèèjì á máa lò sáyà láti ìgbà náà lọ. Ìjà lórí ojú ẹyẹ ti sú mi."

Àbúrò mi bi í pé, "Ẹni tẹ́ ò bá mú tirẹ̀ ńkọ́, mà?"

Akọ̀wé fa awò sójú, ó wo ìwé iwájú rẹ̀. Ó ní kí á má kọ orúkọ sára aṣọ. Òun àti alága ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì fẹ́ ojúsàájú.

Àwa méjèèjì jọ rìn padà sílé. Ohun tó wà níbẹ̀ yé wa. Ẹni tí wọ́n bá mú tirẹ̀, òun ló jogún ẹyẹ ìyá wa. Ẹnì kejì á lọ máa rán ìbòrí tìmùtìmù.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tèmi nígbà tí àbúrò mi kan ilẹ̀kùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé ìkòkò dání.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí n dá ìkòkò yín padà."

"Èyí tó o yá nígbà tí àkọ́bí ẹ ṣì ń rá?"

"Ó pẹ́ lóòótọ́. Ojú ń tì mí."

"Ojú tó ń tì ẹ́ yìí mà sùn pẹ́. Wọlé."

Àsíá mi wà lórí tábìlì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Mo lè bò ó, aṣọ ìbora wà nítòsí. Mi ò bò ó. Mo fẹ́ kó rí ìyẹ́ tí mo rán, bí wọ́n ṣe to ara wọn bíi bíríkì ara ògiri, tí òwú kan ò yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Nígbà tó yá, ó na ìka kékeré rẹ̀ kan ojú ẹyẹ náà.

"Ojú yìí dúró dáadáa o."

"Bó ṣe yẹ kí ojú rí nìyẹn."

"Bí màmá ṣe máa ń ṣe é nìyí."

"Èmi náà ló kọ́."

Mo bu omi fún un, kò mu ún. Bó ṣe jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọkọ mi yọjú láti yàrá, ó ní ṣé Òkè ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni.

Adùn yẹn ò bá mi dọjọ́ kejì. Mo jí, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé ó ti rí tèmi, èmi ò rí tirẹ̀. Mo jókòó sídìí máṣìnì, mo rí i pé mò ń tẹ ẹsẹ̀ lásán, òwú ò sí lójú abẹ́rẹ́. Mo bá wọ bàtà, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo ní mo wá yá abẹ́rẹ́.

Bó ṣe gbúròó mi ló ti fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo tábìlì rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́? Ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n?"

"Tèmi ti kú."

"Gbogbo ẹ̀ ló kú lẹ́ẹ̀kan náà? Àìsàn wo ló ṣe wọ́n?"

"Ṣé o máa yá mi ni àbí kí n máa lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá inú lọ. Mo gbé etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè.

Ìyẹ́ tirẹ̀ ò tò tó tèmi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn. Mo rí ibi tí òwú ti yà, mo sì rí ibi tó ti sáré rán an. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ojú. Mo ti mọ ojú yẹn lórí búlúù, àmọ́ lórí aṣọ aláwọ̀ ewé yìí, ẹyẹ náà rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, tó yí orí láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ara mi gbóná láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Irú ìyẹ́ báyẹn, irú ojú báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú ẹyẹ yẹn, kò ní rántí wo ìyẹ́.

Mo gbọ́ pé ó ń bọ̀, mo ju aṣọ sílẹ̀.

"Ẹ rí i?" ó ní.

"Kí ni mo rí?"

"Abẹ́rẹ́ rèé."

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú, mo mú bíléèdì. Mo gé òwú dúdú náà láti ẹ̀yìn, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ fà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò abẹ́rẹ́ pọ̀ lójú aṣọ bí ẹni tí ìléròrò bò. Bí mo ṣe pa wọ́n rẹ́, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ fún yín náà. Nígbà tó yá, aṣọ náà dán, mo fi òwú funfun yí etí rẹ̀ ká róbótó, ó róbótó ju ti àbúrò mi lọ. Mo gbé e sí fèrèsé. Ẹyẹ mi wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ má sọ pé mo jí nǹkan kan. Ẹyẹ ta ni? Ẹyẹ ìlú. Ìlú lójú, èmi náà sì wà nínú ìlú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa mú ọ̀kan, gbọ̀ngàn ìlú kún. Àwọn tó wọ pupa jókòó sápá kan, àwọn tó wọ búlúù jókòó sápá kejì. Alápatà ni alága Òkè, ọkùnrin ńlá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Onígbàjámọ̀ ni alága Odò, òun kì í pariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń gé èèyàn. Akọ̀wé ní kí wọ́n ta aṣọ méjèèjì sílẹ̀ lórí okùn níwájú gbogbo wa.

Mo wò wọ́n. Mo rí tèmi lápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ ń wò mí. Mo yíjú sí ti òsì. Ojú rẹ̀ dúdú, ó le, ó yọ síta bíi kóró èso.

Àbúrò mi jókòó sí ìlà kejì láàárín àwọn búlúù. Ó ń wo aṣọ ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ó yí orí, ojú wa pàdé. Kò dìgbà tí mo bá sọ fún un, kò sì dìgbà tó bá sọ fún mi. Òun náà ti rí ojú tèmi lọ́jọ́ tó dá ìkòkò padà, nígbà tí mo sì kúrò nílé rẹ̀ tán, ó di àlàfo tirẹ̀ pa.

Alápatà ti dìde. Ó na ọwọ́ sí ti òsì, èyí tí àbúrò mi rán.

"Kí la tún ń wò? Ẹyẹ rèé. Ẹyẹ tó lójú gidi. Ẹ wo ìyẹ́ yẹn náà, ọwọ́ àgbà ni."

Onígbàjámọ̀ rọra dìde. Ó na ọwọ́ sí tèmi. "Ẹ jẹ́ kí alága máa wo ẹran. Ẹni tó bá mọ ẹyẹ á mọ̀ pé èyí ló wà láàyè. Ọwọ́ ṣẹ́dà nìyẹn, afọ́jú á mọ̀ ọ́n."

"Afọ́jú ló máa mọ̀ ọ́n lóòótọ́, torí òun náà ò lójú."

"Tiyín lójú, oorun ló ń kùn ún."

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n fi ariwo sọ̀rọ̀, wọ́n fi àga lu ilẹ̀. Àwọn èèyàn mi, àwọn tí mò ń ránṣọ fún láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ń bú iṣẹ́ ọwọ́ mi níṣojú mi. Wọ́n ní ó ti jẹrà. Wọ́n ní òṣùká lásán ni. Ọkọ mi alára dìde, ó ní irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń lé ẹyẹ nínú oko. Lápá kejì, àwọn Odò ń yìn mí láìmọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti kékeré.

Akọ̀wé fa awò sójú. Ó lọ súnmọ́ aṣọ méjèèjì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ lé tèmi.

"Èyí ni ẹyẹ ìlú," ó ní. "Ó ń wo gbogbo wa."

Àwọn búlúù fò sókè. Kí n tó mí, wọ́n ti gbé àbúrò mi lé èjìká, wọ́n ń pe Ọlọ́wọ́ Ṣẹ́dà, wọ́n ń gbé e yí gbọ̀ngàn ká.

Ọkọ mi fa ọwọ́ mi. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Tèmi ni wọ́n mú."

"Kí lo wí?"

"Mo ní tèmi ni. Èmi ni mo rán ti ọ̀tún."

"Ojú kóró ni tìẹ, ìwọ obìnrin yìí."

"Mo pààrọ̀ ẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tí kò yẹ. "O fi ojú Odò sí i? Nínú ilé mi?"

Mò ń wo àbúrò mi lókè níbẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n máa bi mí bí mo ṣe mọ ojú yẹn rán, gbogbo ayé á mọ̀ pé mo lọ ṣí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ìyá mi. Bí mo bá dákẹ́, òun ló ni ẹyẹ mi títí ayé, ìyìn tó yẹ kó jẹ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan péré, òun náà ló tún gbà á. Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ní kí n dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohùn àbúrò mi ló jáde ṣáájú tèmi.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

Wọn ò gbọ́. Ó fi ọwọ́ lu orí ẹni tó gbé e. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo rán an," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èyí tí ẹ̀ ń bú ni tèmi."

Onígbàjámọ̀ wo aṣọ, ó wo àbúrò mi, ó wò mí. "Ojú wa ńkọ́? Báwo ni ojú wa ṣe débẹ̀?"

"Mo rí tiwọn, mo fẹ́ ẹ, mo rán an. Wọ́n rí tèmi, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n rán an. Ṣé ẹ̀yin ò rí nǹkan ẹlòmíì fẹ́ rí ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, pupa àti búlúù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo dìde kí n gba àtẹ́wọ́ mi. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Wọ́n ń wí pé ẹ wo ìwà, ẹ wo olóòótọ́ èèyàn, ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé ògo fún tó dá a padà. Alápatà, alága tèmi, kọjá lára mi, ó lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo wọlé, òun ni wọ́n ń yìn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò lápá, mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín nìkan.

Wọ́n ta àsíá mi sẹ́nu ọ̀nà pápá. Ti jẹ́sì ò bọ́ sí i mọ́. Òkè ní àwọn ò ní wọ ojú Odò, bí ó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni mo rán an. Odò ní àwọn ò ní wọ ẹyẹ tó ti ọwọ́ ará Òkè jáde, bí ó tiẹ̀ jẹ́ ojú tiwọn ni. Akọ̀wé dá awò rẹ̀ padà sórí irun, ó ní kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi padà sí kóró mi, àbúrò mi padà sí àlàfo rẹ̀. Àmọ́ alápatà ní òun ti ja ìjà àsíá kejì, ti àbúrò mi, ní gbangba, òun ò lè jẹ́ kó ṣòfò. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé Ẹgbẹ́ Òkè, lókè àga tí mo máa ń jókòó sí tí mo bá kó jẹ́sì lọ.

Ọdún ti gorí ọdún. Àbúrò mi wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà tún yọ.

"Kí lo fi sínú ojú dúdú yẹn?" mo bi í. "Ó ń dán bíi pé omi wà níbẹ̀. Tèmi kì í dán báyẹn."

"Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ sọ bẹ́ ẹ ṣe pa ihò abẹ́rẹ́ rẹ́ lára tiyín."

"Mi ò sọ."

"Èmi náà ò sọ, Ẹ̀gbọ́n." Ó mu omi díẹ̀. "Tí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà pápá, ilẹ̀ ni mo máa ń wò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi débi pé mo bu omi kún tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́," ó ní, "nílé Ẹgbẹ́ Òkè?"

"Mo máa ń yí àga padà. Mo máa ń kẹ̀yìn sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo sìn ín dé ìloro, mo sì dúró síbẹ̀, torí èèyàn lè rí ẹnu ọ̀nà pápá láti ilé mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló máa wò lóòótọ́.

Kò wolẹ̀. Ó dúró lábẹ́ àsíá náà, ó gbé ojú sókè, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Mo wọlé lọ mú bàtà mi. Mi ò ní jẹ́sì kankan láti kó lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo gba ilé Ẹgbẹ́ Òkè lọ.